Alẹ́ Kan Ṣoṣo Tí Wọ́n Rí Iná Wa Láti Òkè

Ojúlé Kọkànlá, Àdúgbò Lẹ́yìn Irin,
Agége, Èkó.
Ọjọ́ kẹta, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2001.

Èmi Rachael Ọláìyá, olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni mo ń fi ọwọ́ mi kọ ìwé yìí. Bàbá Job Fálóyè, àgbẹ̀, tí ilé wọn kọjú sí tèmi, ló ń sọ̀rọ̀ tí mo ń kọ. Wọn kò lọ ilé ìwé. Wọ́n ní kí n kọ gbogbo ohun tí àwọn bá sọ bí àwọn ṣe sọ ọ́, kí n má fi oyin sí i, kí n má sì yọ èyí tó bá burú kúrò. Àbúrò wọn obìnrin ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá lọ́dún tó kọjá, ọlọ́pàá nìkan ló gbọ́ ọ. Àtàǹpàkò òsì ni wọ́n máa tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé yìí. Ìdí tí kì í fi í ṣe ti ọ̀tún wà nínú ìwé náà.

Tinúọlá, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú ilé, mo kí ọ kú àfojúsọ́nà. Ṣé orúnkún rẹ ti ń gbà ọ́ láyè láti gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì? Ṣé àwọn ọmọ ọmọ rẹ ń jẹun dáadáa, ṣé èyí tó ń wúkọ́ nígbà ọyẹ́ ti gbádùn? Òjò ńkọ́, ṣé ó ti bọ́ sílẹ̀ ní Ìjerò, àbí ẹ ṣì ń wo ojú sánmà? Níbí, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ti rọ̀, kò sì rin ilẹ̀ dénú. Èmi wà láàyè. Mo ń jẹun. N kò fi bẹ́ẹ̀ sùn.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìkíni lo ń retí lọ́wọ́ mi. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí o ti ń ránṣẹ́ pé kí ni mo ń ṣe sí ọ̀rọ̀ Ayọ̀tọ́lá, ọmọ rẹ tí o fà lé mi lọ́wọ́, tí wọ́n tì mọ́lé pé ó dáná sun ènìyàn. Èmi náà ń ránṣẹ́ padà pé kí o fọkàn balẹ̀. N kò sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló tì í mọ́bẹ̀. Òun ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ẹni tó bá ń ka ìwé yìí fún ọ, kó jẹ́ kí o jókòó kó tó ka ìyókù.

Ṣé o rántí oko mi, láàrin ojú irin àti odò, lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́. Nígbà tí o wá kí wa, o ní kí ló dé tí àgbàdo Èkó fi ń rùn bí ọṣẹ. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń ro ilẹ̀ yẹn. Àwa mọ́kànlá la wà níbẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú ahéré rẹ̀. Kò sí òpó iná kankan níbẹ̀, àtùpà elépo la ń tàn. N kò ní aago, n kò sì wá a. Fèrè ilé iṣẹ́ àwọn oníke ní Ọ̀gbà ni aago mi. Ó ń fọn ní aago mẹ́fà àárọ̀, ó ń fọn ní aago méjì ọ̀sán, ó ń fọn ní aago mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn. Láti ìgbà tí Ayọ̀tọ́lá ti ríṣẹ́ níbẹ̀, mo tún ń tẹ́tí sí i ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọ̀sán ló ń ṣe, bí fèrè aago mẹ́wàá bá ti fọn, mo máa gbé ìkòkò kaná. Kí iṣu tó jinná, á ti tọ ojú irin wá bá mi ní oko, àá sì jọ jẹun.

Lẹ́yìn tí ìjọba alágbádá dé ni Nùréènì dé. Ó ní bàbá bàbá òun ló ni ilẹ̀ náà, òun sì ti fẹ́ tà á. A ní kó mú ìwé wá. Dípò ìwé, pákó ló kó wá. Ó kan ahéré onípákó kan sáàrin oko wa, ó to ẹrù pákó yí i ká, ó sì fi ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Shuaib síbẹ̀ kó máa ṣọ́ ọ. Shuaib kì í pariwo. Nígbà mìíràn ó máa ń ra àgbàdo lọ́wọ́ mi, á sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ó bá mi níbi tí mo ti ń fa èèkàn Nùréènì tu, ó gbá mi létí lójú gbogbo ènìyàn. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí. Nígbà tí Ayọ̀tọ́lá gbọ́, ó wá dúró níwájú ahéré náà, ó ní, "Shuaib, ahéré yìí, n ó sun ún mọ́ ọ lórí." Ọ̀rọ̀ inú bíbí ni. Ṣùgbọ́n inú mi dùn, Tinúọlá. Mo ní kó tún un sọ, nítorí àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó tún un sọ.

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Bélú, ni àwọn ọmọ iṣẹ́ Nùréènì wá. Nẹ́pà ti mú iná gbogbo agbègbè wa lọ láti ọ̀sán, kò sì sí òṣùpá. Gbogbo ibi tí ojú ń wò, láti Agége títí dé Ìkẹjà, ó ṣú bí inú àdògán. Mo wà ní ahéré mi. Mo gbọ́ fèrè, mo dìde, mo da omi sí ìkòkò, mo gbé e kaná fún ọmọ rẹ. Omi náà kò tíì hó tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí òkúta ojú irin.

Wọ́n tó ogún. Àdá ló wà lọ́wọ́ wọn, àwọn mìíràn sì gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù. Ajá mi ló kọ́kọ́ lọ bá wọn, wọ́n là á sí méjì kó tó gbó lẹ́ẹ̀kejì. Ọkùnrin ará Ìkàrẹ́ tí ahéré rẹ̀ kángun sí tèmi jáde síta láti béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n ṣá a ní èjìká, mo rí egungun rẹ̀ funfun nínú ìmọ́lẹ̀ àtùpà ara rẹ̀. Wọ́n fi igi fọ́ ẹnu ìyàwó rẹ̀. Èmi náà ṣá ènìyàn, n kò ní purọ́ fún ọ. Ọ̀kan nínú wọn tẹ̀ síwájú láti da bẹntiróòlù sórí àká àgbàdo mi, mo ṣá a ní orúnkún, ó ṣubú lé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀yìn àdá lù mí títí mo fi dojú bolẹ̀. Nígbà tí mo gbé orí sókè, àká mọ́kọ̀ọ̀kànlá ti ń jó.

Ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo nǹkan. Atẹ́gùn yí padà, ó gbé iná lọ sórí pákó Nùréènì, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì sá. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn Shuaib láti inú ahéré rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn. Fèrèsé kékeré kan ló wà níbẹ̀, kò gba ju orí lọ. Ó yọ ọwọ́ méjèèjì jáde. Ó ní, "Bàbá, ìta ni wọ́n ti tì í. Mo ní n kò bá wọn ṣá arúgbó, wọ́n bá tì mí mọ́lé. Ẹ fi àdá yín gé e."

Mo wo ilẹ̀kùn náà, mo rí àgádágodo lórí rẹ̀. Àdá mi wà lọ́wọ́ mi. Ilẹ̀kùn pákó ni, Tinúọlá. Ilẹ̀kùn tí mo lè là pẹ̀lú ìṣá mẹ́ta. Mo dúró. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ni mo ń rò. Mo ń rò ó pé kó pè mí lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó bẹ̀ mí dáadáa, kí n tó ṣí i. Ó pè mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí mo máa gbé ẹsẹ̀, òrùlé wó lé e.

N kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ àti Rachael tó ń kọ ọ́ lẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́yìn Ayọ̀tọ́lá. Rachael ti gbé bírò sílẹ̀ nísinsìnyí, ó ní kí n jẹ́ kí òun simi díẹ̀. Mo ti jẹ́ kó simi.

Nígbà tó pẹ́, Ayọ̀tọ́lá dé láti ibi iṣẹ́. Ẹyín iná àti eérú ló bá. Ó bi mí pé Shuaib ńkọ́, mo ń wo ẹyín iná náà. Ó fi ọwọ́ lásán tú ẹyín iná náà títí ó fi fa òkú jáde, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì bó. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀, ó dà á bo òkú náà. Bí ó ti yí ẹ̀yìn padà, mo mú àgádágodo tó wà nínú eérú, mo rì í mọ́lẹ̀ lẹ́bàá odò. Mo rò pé ẹni tó bá rí i á bi mí pé níbo ni mo wà nígbà tí wọ́n tì í.

Ní òru yẹn, ní àgọ́ ọlọ́pàá, sájẹ́ǹtì bi mí ní àsìkò tí iná náà bẹ̀rẹ̀. Mo ní lẹ́yìn fèrè aago mẹ́wàá, lẹ́yìn tí mo ti gbé ìkòkò kaná. Ó bi mí pé ṣé ó dá mi lójú, ó ní àwọn kan ń sọ pé kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹni tí kò mọ fèrè yẹn kó má bá mi jiyàn. Ó kọ ọ́, mo fi àtàǹpàkò ọ̀tún tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, Nùréènì wá pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó ní òun kò sí ní Agége rárá lálẹ́ ọjọ́ náà, àti pé bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ sun oko, ta ló máa sun ọmọ iṣẹ́ òun, bí kò ṣe ẹni tó ti ṣèlérí rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Wọ́n lọ wo Ayọ̀tọ́lá. Wọ́n rí ọwọ́ rẹ̀ tó jóná. Wọ́n ka ìwé mi. Bí iná bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́wàá, Ayọ̀tọ́lá ti jáde níbi iṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n mú un.

Mo lọ bá a ní àtìmọ́lé. Wọ́n ti lù ú, ojú rẹ̀ kan ti dí pátápátá. Ó ní, "Bàbá, ẹ tún un rò. Eérú ni mo bá." Mo bi í pé ọdún mélòó ló fi ń ṣiṣẹ́ níbi fèrè yẹn. Ó ní ọdún méjì. Mo ní èmi ti ń gbọ́ ọ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìwọ náà mọ bàbá wa. Bó bá ti ní igba ebè la kọ lóòjọ́, igba náà ni, kódà bí a bá kà á tó jẹ́ ọgọ́sàn-án. Èmi ni mo jogún rẹ̀. Gbogbo oṣù Ọ̀pẹ àti oṣù Ṣẹ́rẹ́, wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n tún ọ̀rọ̀ mi wò. Mo ń dá wọn lóhùn pé àgbàlagbà kì í ní ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu.

Ohun tó wá yí ọ̀rọ̀ náà padà, èmi náà kò lè rò ó láéláé. Ní ìdajì oṣù Èrèlé, àbúrò Rachael tó ń jẹ́ Àrínọlá wá láti yunifásítì tó ti ń ṣiṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù Suara Dàwódù ló ń wá. Ṣé o rántí Dàwódù, ará Ìjẹ̀bú tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, tó máa ń pè ọ́ ní ìyàwó òun. Kò sí jẹnẹrétọ̀ ilé iṣẹ́ kan láti Agége dé Ìlúpéjú tí Dàwódù kò mọ bó ṣe ń wúkọ́. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn nítorí òòrùn.

Ọmọ náà tẹ́ àwọn bébà ńláńlá kan sórí tábìlì. Dúdú ni wọ́n, pẹ̀lú àmì funfun kéékèèké, bí ìgbà tí iyọ̀ bá dà sórí aṣọ ọ̀fọ̀. Ó ní ẹ̀rọ kan wà lókè tí wọ́n ń pè ní sátẹ́láìtì, tó ń yí ayé po, tó máa ń ya fọ́tò iná tí àwa ènìyàn ń tàn lálẹ́. Nípa wíwo fọ́tò yẹn láti ọdún dé ọdún, wọ́n máa ń mọ ibi tí ènìyàn ń pọ̀ sí, ibi tí ìṣòwò ti ń gbèrú, àti ilé iṣẹ́ tó ti kú. Ó ní àwọn alẹ́ tí Nẹ́pà bá mú iná lọ ni òun ń wá ní tòun, torí pé iná tó bá tàn lálẹ́ bẹ́ẹ̀, ti oníjẹnẹrétọ̀ ni. Ó fẹ́ kí Dàwódù bá òun sọ ohun tí àmì kọ̀ọ̀kan jẹ́.

Mo bi í pé ṣé ẹ̀rọ náà máa ń rí mi bí mo bá ń tọ̀ lẹ́yìn ahéré. Dàwódù rẹ́rìn-ín.

Ọmọ náà ní, "Rárá, Bàbá. Kò rí ènìyàn, kò rí ilé. Iná nìkan ló ń rí, iná náà sì gbọ́dọ̀ pọ̀. Ẹyọ kan nínú àwọn àmì yìí tóbi ju àdúgbò yín lọ."

"Àtùpà mi ńkọ́?"

"Àtùpà kò tó ohun tó ń rí, Bàbá."

"Ìyẹn ni pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti wà níbẹ̀, kò tíì rí mi rí."

Ó ní kí n má bínú. Mo ní n kò bínú.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Dàwódù ń fi ìka tọ́ wọn: èyí ni àwọn hòtẹ́ẹ̀lì GRA, èyí ni Allen, èyí ni Ìlúpéjú, èyí ni àwọn oníke ní Ọ̀gbà. Lẹ́yìn náà ló dúró. Ó ní, "Èyí kì í ṣe jẹnẹrétọ̀." Ọmọ náà ní òun náà ti rí i. Ó ní ibẹ̀ máa ń dúdú nínú gbogbo alẹ́ tí Nẹ́pà bá mú iná lọ, alẹ́ kan ṣoṣo yìí ló tàn, àti pé òun ti fẹ́ pa á rẹ́, òun rò pé àṣìṣe ni. Dàwódù bi í pé ibo gan-an nibẹ̀. Ọmọ náà fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ó ní láàrin ojú irin àti odò ni. Dàwódù bi í ní ọjọ́ tí wọ́n yà á. Ó ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Bélú. Mo mọ ohun tí mo ń wò. Àká wa mọ́kànlá ni, àti pákó, àti Shuaib. Alẹ́ tí wọ́n sun wá ni alẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n rí wa láti òkè.

Dàwódù ní, "Aago mélòó ni?"

Ọmọ náà ka nọ́ńbà tó wà ní ìsàlẹ̀ bébà náà. Ó ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni ẹ̀rọ náà kọjá lórí wa.

Mo ní irọ́ ni. Mo ní ẹ̀rọ tí kò mọ àtùpà, báwo ló ṣe máa mọ aago. Mo bú ìyá ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ tí n kò ní jẹ́ kí Rachael kọ. Dàwódù kò wo ojú mi. Bébà náà ló ń wò, ó fi ìka sórí àmì àwọn oníke tó mọ́lẹ̀ kedere. Ó ní, "Bàbá, ọjọ́ yìí ni jẹnẹrétọ̀ wọn bàjẹ́, tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo tún un ṣe tán, èmi ni mo fọn fèrè láti fi dán iná wò. Aago méje kọjá díẹ̀ ni."

Mo gbá a létí. Ó ju èyí tí Shuaib gbá mi lọ. Ọkùnrin tó lè fi ọwọ́ kan gbé mi jù sínú gọ́tà ni Dàwódù. Kò gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ó dára. Ẹ tún gbá a. Fèrè náà kò ní torí ẹ̀ di ti aago mẹ́wàá."

Mo lọ sílé. N kò jẹun. Nígbà tó di àárọ̀, ohun kan tí mo ti ń tì sẹ́yìn láti ọjọ́ yìí wá dúró síwájú mi. Lẹ́yìn tí òrùlé wó, tí mo jókòó sílẹ̀, mo gbọ́ ìpè ìrun alẹ́ láti mọ́ṣáláṣí tó wà ní òdìkejì irin. Mo gbọ́ ọ ketekete. Tinúọlá, ta ló ń pe ìrun alẹ́ ní aago mọ́kànlá? Etí mi gbọ́ ọ, mo sì fi fèrè bò ó mọ́lẹ̀, nítorí fèrè ni mo ti kọ́kọ́ sọ. Fèrè aago mẹ́wàá gan-an tó fọn lẹ́yìn náà, n kò tilẹ̀ kà á sí.

Mo lọ hú àgádágodo náà. Mo gbé e lọ fún lọ́yà pẹ̀lú Dàwódù àti ọmọ náà. Lọ́yà ní wọ́n lè bá wa jiyàn lórí fọ́tò náà, wọ́n lè ní ẹni tó yà á kò sí níbí láti wá jẹ́rìí sí i, ṣùgbọ́n bí mo bá yí ọ̀rọ̀ mi padà fúnra mi, tí Dàwódù sọ tirẹ̀, tí ilé iṣẹ́ mú káàdì tó fi hàn pé aago mẹ́wàá ni Ayọ̀tọ́lá jáde, ó máa ṣòro kí wọ́n tó dá a lẹ́bi. Ó yẹ àgádágodo náà wò. Ó fà á. Ó ṣì wà ní títì.

Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láti sọ ọ̀rọ̀ mi tuntun. Wọ́n ní kí n padà wá ní ọjọ́ kejì. Kí n tó rìn dé ṣọ́ọ̀bù Dàwódù, Nùréènì ti gbọ́. Ọ̀sán gangan ni, àwọn ènìyàn ń kọjá lọ. Àwọn mẹ́rin ló wọlé. Wọ́n fi páìpù fọ́ apá Dàwódù, mo gbọ́ ọ bó ṣe kán. Nùréènì fúnra rẹ̀ jókòó tì mí, ó kí mi, ó ní, "Bàbá Job, ìka wo lẹ fi tẹ ìwé àkọ́kọ́?" Bí kì í bá ṣe oríkunkun, ǹ bá ti dákẹ́. Mo na àtàǹpàkò ọ̀tún sí i lójú. Ó ní, "Iṣẹ́ ti sú u. Ẹ jẹ́ kó simi." Wọ́n fi í sáàrin irin ńlá tí Dàwódù máa ń fi di páìpù mú, Nùréènì sì ń yí i díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ojú mi. N kò pariwo. Mo ń rántí ọwọ́ méjèèjì tó yọ láti fèrèsé. Wọ́n ti gé ìka náà ní ọsibítù lọ́jọ́ kejì. Má sunkún lórí ìyẹn. Ìka mẹ́sàn-án ṣì ń di ọkọ́ mú.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo lọ bá Ayọ̀tọ́lá ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti là. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: fèrè, fọ́tò, ìrun alẹ́, àgádágodo. Nígbà tí mo dé ibi ilẹ̀kùn, mo fẹ́ fo ó, ọmọ náà sì mọ̀ pé mo fẹ́ fo nǹkan kan, ó ní, "Ẹ máa bá a lọ." Mo sọ ọ́. Ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí itan, ó ń wò wọ́n. Awọ wọn ti fà, wọn kò ṣe é nà tán mọ́. Kò bú mi. Ó ní, "Bàbá, nígbà tí mo fà á jáde, mo rò pé ẹ kò gbọ́ ọ ni."

Mo dìde, mo sì wá sílé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù yìí, ni ẹjọ́ náà. Wá. Gbéra ní Ọjọ́ Ẹtì, kí o lè simi ní ọ̀dọ̀ Rachael, má wá sí ọ̀dọ̀ mi bí o kò bá fẹ́ rí mi. Jókòó síwájú ní kóòtù, níbi tí Ayọ̀tọ́lá á ti rí ọ. Rachael ti kọ ìwé yìí ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan wà lọ́wọ́ lọ́yà, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá pa mí kó tó di ọjọ́ náà, ẹnu mi ṣì wà níbẹ̀. N kò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí. Ìyá Shuaib wà ní Ìlọrin, n ó kọ́kọ́ lọ bá a lẹ́yìn ẹjọ́ náà, kí n tó mọ̀ bóyá mo lẹ́nu láti bẹ ẹlòmíràn.

Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi kí pásítọ̀, bá mi kí gbogbo ilé Fálóyè. Má sọ fún wọn pé ara mi le, sọ fún wọn pé mo wà. Dàwódù kí ọ, ó ní apá kan ṣì kù tí òun lè fi gbé báàgì ìyàwó òun.

Adájọ́ á bi mí ní aago tí iná náà bẹ̀rẹ̀. N ó sọ fún un pé n kò mọ̀, kó bi àwọn tó mọ̀. Ìwọ nìkan lo máa mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ná mi. Lẹ́yìn náà, bó bá bi mí pé ta ló gbọ́ igbe Shuaib, ìyẹn dá mi lójú. N ó ní èmi ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí síbẹ̀,

Job Fálóyè
(àmì àtàǹpàkò òsì rẹ̀ nìyí)

Wọ́n ka ìwé yìí sétí Bàbá Job láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, kí wọ́n tó tẹ̀ka sí i níwájú wa:

Suara Dàwódù, atúnjẹnẹrétọ̀ṣe, ẹlẹ́rìí kìn-ín-ní. Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ orúkọ mi.

Fàúsát Dàwódù, aya rẹ̀, ẹlẹ́rìí kejì.